Ara Wọn Kì í Yá Nígbà Kòkó

Ìsìkàn,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2019.

Monílọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé rẹ ní Kàdúná. Ṣé àyà tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Mo mọ̀ pé ìpè tí o gbà láti Oǹdó lọ́sẹ̀ tó kọjá kò ní jẹ́ kó sinmi. Ní tèmi, mo wà láàyè, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kó sì bá ọ lórí ìjókòó, nítorí ó gùn díẹ̀.

Orí fóònù ni ǹ bá ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́ láti ilé ìwé. Bí mo bá sọ gbólóhùn kan, ìwọ á ti sọ mẹ́ta. Lẹ́tà nìkan ni o kò lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Òótọ́ ni ohun tí Alàgbà Adépọ̀jù sọ fún ọ. Mo lọ sí Ilé Ìtura rẹ̀ ní Oǹdó, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti mú lẹ́rú, mo mú Jíbọ́lá ọmọ rẹ jáde láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo sì gbé e wá sí ilé mi. Kò sọ ohun tó fà á fún ọ, nítorí náà èmi yóò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé n kò tọrọ àforíjì, n kò sì ní í tọrọ rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun rere, nítorí ó wà. O mọ bí Jíbọ́lá ṣe rí nígbà tí a gbé e débẹ̀. Igbó àti àwọn hóró oògùn tí wọ́n ń pè ní tramadó ti jẹ ẹ́ tán, aṣọ ń fì lára rẹ̀ bí èyí tí a sá sórí okùn. Yunifásítì ní kó lọ tọ́jú ara rẹ̀, kó padà wá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá láti ka ọdún ìkẹyìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyè rẹ̀ lọ. Ilé Ìtura gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ibòmíràn ń pe iye tí èmi àti ìwọ kò lè rí kó jọ. Wọn kì í de ènìyàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀, wọn kì í na ènìyàn, wọ́n sì ń jẹun yó. Wọ́n á gbàdúrà láàárọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ sí oko kòkó tó yí ilé náà ká, nítorí Alàgbà gbà pé ẹni tó bá ń làágùn dáadáa ni májèlé ń jáde lára rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ẹran ara ọmọ náà ti padà, ojú rẹ̀ ti mọ́, ó sì ti tún ń bá mi jiyàn lórí ìwé.

O tún mọ̀ pé mo wà lára àwa márùn-ún tí a jẹ́ alábòójútó Ilé Ìtura. Jẹ́ kí n sọ ohun tí àbójútó wa jẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a ó wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́, a ó kọjá Òwènà, a ó dé Oǹdó. Wọ́n á kọrin fún wa. A ó wo bẹ́ẹ̀dì, a ó wo kànga, a ó jẹ iyán. Ọ̀gbẹ́ni Johnson, alága wa, á dìde, á ní Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́ níbí. A ó ṣe àmín, a ó buwọ́ lùwé pé ohun gbogbo ń lọ déédéé, àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ láti òkè òkun yóò sì tún ràn wá lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ iyán yẹn. Ó dùn.

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, mo pe Alàgbà pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í múra Jíbọ́lá sílẹ̀ fún ilé ìwé. Ó ní ara rẹ̀ kò tíì yá. Mo ní ṣebí òun náà ló yìn ín níwájú wa ní oṣù keje, tó ní kó dìde kí a rí i. Ó fi sùúrù dá mi lóhùn bó ti máa ń ṣe: "Ìyá, ọmọ yẹn ti ń sọ pé ara òun ti yá. Aláìsàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Mo bi í pé ẹni tó bá ní ara òun kò tíì yá ńkọ́.

"Ṣé ẹ rí i, òun náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, Monílọ́lá. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi. Kí ni ọmọ náà yóò wá sọ?

Lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí, mo lọ gba ẹ̀wù lọ́dọ̀ Sherifat tó ń rán aṣọ fún mi. Ọkọ rẹ̀ ti gbé Ilé Ìtura rí, mo bá bi í bóyá ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó wálé. Ó fi eyín gé òwú, ó ní: "Ìyá, àìsàn ọkọ mi mọ ìgbà kòkó ju àgbẹ̀ lọ. Ó fúyẹ́ nígbà òjò, ó tún le nígbà tí kòkó pọ́n, ìgbà tí kòkó tán lórí igi ló wá san pátápátá." Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi gbàgbé ẹ̀wù mi síbẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Àwọn ìdílé tí ọmọ wọn ti ibẹ̀ jáde kò ṣòro láti rí ní Àkúrẹ́ àti Ọ̀dà. Ìbéèrè mi kò ju pé ìgbà wo ni ọmọ yín dé lọ. Ọ̀kan ní ìgbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni. Òmíràn ní àwọn ń múra ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Bàbá kan ní Ọ̀dà ní òun kò lè gbàgbé, nítorí òjò àkọ́kọ́ ọdún náà ló pa àwọn bọ̀ wálé. N kò rí ẹyọ ẹnì kan tí ara rẹ̀ yá nígbà tí kòkó wà lórí igi. Bí iṣẹ́ oko bá ń wo ènìyàn sàn, ṣé kò yẹ kó máa wò ó sàn ní oṣù kẹwàá pẹ̀lú?

N kò fẹ́ rẹ́ Alàgbà jẹ. Alaalẹ́ ni mo ń bi ara mi bóyá èmi ni mo ṣì í. Mo ka ohun tí àwọn oníṣègùn kọ, àwọn kan nínú wọn sì gbà pé iṣẹ́ a máa ran irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. N kò rò pé òpùrọ́ ni ọkùnrin náà. Ohun tí mo rò ni pé ó ti pẹ́ tó ti gbà pé ohun tó bá ṣe oko òun láǹfààní ti ṣe àwọn ọmọ náà láǹfààní, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè, nítorí àwa tó yẹ kí a bi í ń jẹ iyán.

Mo sọ fún alága pé kó pè wá jọ. A pàdé ní yàrá àlejò Ilé Ìtura ní ìparí oṣù kẹwàá. Láti ibi tí a jókòó sí, a ń gbọ́ ìró àdá àwọn tó ń fọ́ kòkó lẹ́yìn ilé. Mo dìde, mo bi Alàgbà pé kí ni a fi ń mọ̀ nínú ilé yìí pé ara ẹnì kan ti yá. Ó ní Ẹ̀mí ló ń sọ fún òun. Mo ní ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí Ẹ̀mí ń sọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Johnson ní kí n jókòó. Mo ní orúnkún mi fẹ́ràn ìdúró lónìí.

Ó wá fa ọ̀rọ̀ owó yọ. Ó ní bí mo bá fẹ́ pe Alàgbà ní olè, kí n là á mọ́lẹ̀, nítorí owó kòkó náà ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Mo dá a lóhùn pé, "N kò bèèrè owó. Èèyàn ni mo ń bèèrè."

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ tí wọn kò tíì dárí rẹ̀ jì mí. Mo ní láyé àwọn bàbá wa, bí ìṣòro bá dé bá ìdílé kan, wọ́n á fi ọmọ wọn sí oko olóko, ọmọ náà á máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. A mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é: ìwọ̀fà. Mo ní ìwọ̀fà gan-an sàn ju àwọn ọmọ wa lọ, nítorí ó mọ ohun tí ìdílé òun yóò san kí òun tó lè máa lọ, ó sì ní àkókò tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Jíbọ́lá kò mọ ohun tí òun lè ṣe kí wọ́n tó ní kó máa lọ.

Alàgbà Adépọ̀jù, ẹni tí kì í gbóhùn sókè, fi èdè Oǹdó kígbe mọ́ mi. Ó ní òun ni òun ṣa àwọn ọmọ wa nílẹ̀ nígbà tí àwa ń tijú wọn, tí a kò jẹ́ kí àlejò rí wọn. Òótọ́ ló sọ. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ojú tó tì mí kò dáhùn ìbéèrè mi. Ọ̀gbẹ́ni Johnson ní kí n kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀. Mo ní n kò ní í kọ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n kọ ohun tí mo ṣe sínú ìwé, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́. Títí di òní, wọn kò tíì kọ ọ́.

Mo gba ẹ̀yìn ilé lọ. Jíbọ́lá àti àwọn bíi mélòó kan wà lábẹ́ igi, wọ́n ń fọ́ kòkó, wọ́n ń yọ ọ́ sínú agbọ̀n. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀. Kò mira. Ó ní, "Wọn ò tíì sọ pé ara mi yá, mà."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo sọ?"

Ó wò mí, ó wo ọ̀nà ilé. Ó ní òun kò mọ èyí tí òun lè sọ tí wọn ò ní fi mú òun. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ jókòó, ọkùnrin tí ewú ti wà lórí rẹ̀, ní, "Jíbọ́lá, bó o bá máa lọ, tètè lọ, kí n lè rí ẹ̀wà tìẹ jẹ mọ́ tèmi lálẹ́." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gbé e dìde, kì í ṣe èmi. Ó fi àdá lélẹ̀.

Alàgbà dúró ní ẹnu ọ̀nà. Kò dí wa lọ́nà. Ó kàn bi mí pé, "Bó bá tún padà sídìí rẹ̀ ńkọ́? Ọrùn ta ni yóò wà?"

Mo ní, "Ọrùn mi ni. Ẹ ti mọ ẹni tí ẹ máa bi. Àwa ńkọ́, ta ni ká bi?"

Mo mú ọmọ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a jáde.

Jíbọ́lá bá wọn wọ kíláàsì kí àyè rẹ̀ tó lọ. N kò ní sọ fún ọ pé ara rẹ̀ ti yá, nítorí n kò mọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó ń rìn kiri inú ilé bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Mo bá a rìn títí ó fi rẹ àwa méjèèjì. Ó ń lọ rí dókítà kan ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni dókítà náà ti sọ ohun tí òun yóò máa wò, níṣojú ọmọ náà: oorun rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀, bó ṣe ń lọ sí kíláàsì. Ó ní bí òun bá ṣì í, kí a wá bi òun. Mo fẹ́ràn dókítà yẹn.

Alàgbà yóò tún pè ọ́, yóò ní kí o pàṣẹ kí n dá ọmọ náà padà. Ìwọ ni ìyá rẹ̀, n kò lè gba ipò rẹ. Ṣùgbọ́n kí o tó dáhùn, bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni wọn yóò rí lára Jíbọ́lá lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá yá? Bó bá dáhùn, èmi fúnra mi ni n ó gbé e padà lọ. Bí kò bá rí èsì, sọ fún un pé ọmọ rẹ wà nílé ìwé.

Kí Ọlọ́run fún ọkàn rẹ ní ìsinmi. Kí Ó jẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ wọ ẹ̀wù ìkẹ́kọ̀ọ́ yege fún ọmọ yìí. Kí Ó má jẹ́ kí ìdúpẹ́ pa wá lẹ́nu mọ́ níbi tó yẹ kí a ti bèèrè ọ̀rọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà,
Olúbùkọ́lá.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa nígbà tí obìnrin kan kan ilẹ̀kùn mi. Agnes ni orúkọ rẹ̀, láti Ìgbàrà-Òkè ló ti wá, n kò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọ tirẹ̀ náà wà ní Ilé Ìtura. Ó ti lọ bèèrè rẹ̀ ní òun nìkan, wọ́n ní ara rẹ̀ kò tíì yá, kó padà wá ní oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀. Ó ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe mọ̀ fún òun, wọn kò sọ ọ́, ó sì jókòó sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ti sọ fún un pé èmi àti òun ni a jọ ń lọ síbẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ó ní òun yóò gbé àpótí ìjókòó méjì dání.