Àyè Ìyá Kan Péré Nínú Fọ́ọ̀mù Àbídèmí

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí bàbá àwọn ọmọ àti ará ilé ní Jọ́ọ̀sì. Orúnkún mi ti ń fúyẹ́.

Dókítà ní ọkàn Àbídèmí kì í dúró lójú kan, pé ẹ̀rù ń bà á ṣáá pé a máa pa òun tì. Fọ́ọ̀mù ìwádìí ilé ìwòsàn wọn ń béèrè ọjọ́ orí ìyá, ìwé tó kà àti iṣẹ́ rẹ̀. Àyè ìyá kan ló wà. Èmi ni mo bí i, ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Mo bi ọmọ náà léèrè èwo nínú àwa méjèèjì ni kí n kọ, ó ní, "Ẹ kọ ẹni tí kò fi mí sílẹ̀."

Kò yé mi. Èmi fà á lé yín lọ́wọ́, ẹ̀yin náà dá a padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí kó tó di ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù náà. Àyè náà ṣì ṣófo. Ọlọ́run á bá wa wo ọmọ wa sàn.

Àbúrò yín ní Ìjerò,
Ìbíyẹmí