Aṣọ Funfun Tí Mo Tẹ́ Sórí Bẹ́ẹ̀dì Bàbá Rẹ

Agboolé Aláró,
Kẹ́mta, Abẹ́òkúta.
Jímọ́ọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án, 1982.

Jùbrílù ọmọ mi, Àjàní ọkọ mi,

Àsàláámù àlékúmù. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú Èkó, mo kí ọ kú àìsinmi. Títílọlá ìyàwó mi ńkọ́? Bùsírátù ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ tán? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí omi gbẹ nínú àmù yín, kò ní jẹ́ kí aró tiyín bà jẹ́ nínú ìkòkò. Bí ẹ bá béèrè mi, àlàáfíà ni mo wà, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, n kò sì kà á sí.

Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ mi kọ lẹ́tà yìí o. Wùnmí, tíṣà tó gba yàrá iwájú lọ́wọ́ mi, ní òun á bá mi kọ ọ́, mo ní kó jókòó jẹ́jẹ́. Ṣé lásán ni mo fi oṣù méje lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ní Aké ni? Bí o bá rí ibi tí mo ti pa nǹkan rẹ́, kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n, bírò ló burú.

Lẹ́tà tìrẹ dé ọwọ́ mi. O ní bí ẹ bá ń bọ̀ wá ṣe Iléyá, ẹ kò ní sùn sílé, o ní kí n bá yín wá hòtẹ́ẹ̀lì tó mọ́ tónítóní, tí ọmọdé lè gbé, tí kò ní ìdun. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo ká a, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo ti mọ ẹnu tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Ní Iléyá èṣí tí ara Bùsírátù wú, Títílọlá ní ìdun ni, mo ní ooru ni. Ó ní Mààmá, ẹ wò ó, ó tò tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni ooru Abẹ́òkúta ṣe máa ń tò, inú àpáta ló ti ń jáde.

Ṣé lórí bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ ni ìdun yóò wà? Ìwọ kò mọ ọjọ́ tí bẹ́ẹ̀dì yẹn dé. Bàbá rẹ Sàlàhúdíìnì, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Lafẹ́nwá nígbà náà. Káfíńtà wọn níbẹ̀ ló kàn án fún un, igi ìrókò, ọkùnrin mẹ́rin ló rù ú dé Kẹ́mta, bàbá rẹ ń rìn níwájú wọn bí ẹni tó ń mú ìyàwó bọ̀. Ẹní ni gbogbo agboolé ń sùn lé nígbà yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń wá wò ó, ìyá ìyá mi fọwọ́ kàn án, ó ní èéṣe tó ga tó báyìí, ṣé ọ̀run lẹ fẹ́ máa sún mọ́ ni. Àlejò tó bá ti Papalanto wá, orí bẹ́ẹ̀dì náà là ń tẹ́ ẹ sí, àwa á sùn sílẹ̀. Ta ló ń sanwó oorun nígbà náà? Ẹ̀yin ọmọ á sì sùn ní ìbú lórí rẹ̀ bí ẹja nínú apẹ̀rẹ̀, bí rélùwéè bá ti fọn fèrè, ìwọ á ní bàbá ló ń pè ọ́.

Síbẹ̀, ìyá ni mí. Mo wé gèlè, mo wọ takisí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ dé, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọtí ni wọ́n ń mu níbẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀. Ọmọbìnrin kan tó kun ètè ní kí ni mo fẹ́, mo ní yàrá. Ó ní ṣé ti wákàtí kan ni àbí ti títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mo ní wákàtí kan kò tó, ọmọ ọmọ mi máa ń fi wákàtí méjì sun oorun ọ̀sán. Jùbrílù, ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Èmi rí i pé ó dára bí wọ́n ṣe ń ro ti ọmọdé, òórùn bíà ni kò jẹ́ kí n dúró. Nígbà tí mo ròyìn fún Wùnmí, òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí àga, kò sì sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín fún mi títí di òní.

Èkejì wà lọ́nà Ìbarà, obìnrin kan tí ń jẹ́ Beatrice ló ni ín. Ojú rẹ̀ le bíi tèmi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n kọ ibi tí mo ti ń bọ̀, mo kọ Kẹ́mta. Wọ́n ní kí n kọ ibi tí mo ń lọ, mo kọ ọ̀run, bí Ọlọ́run bá fẹ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yìí. Wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà mọ́tò mi. Takisí tó gbé mi wá ti lọ, mo bá bẹ Ṣéhù, mẹ́gáàdì wọn, kó ka nọ́ńbà mọ́tò yòówù tó bá rí níta fún mi, ìyẹn ni mo kọ. Kò yẹ kí àlàfo wà nínú ìwé.

Mo sanwó alẹ́ kan, nítorí n kì í fi ẹnu ẹlòmíràn tọ́ iyọ̀ wò. Wọ́n kọ́ fìríìjì kan mọ́ ògiri, ó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, mo wá ilẹ̀kùn rẹ̀ títí kí n lè kó ẹja díndín mi sí i, n kò rí i. Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé aṣọ funfun báláú ni wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo pe Beatrice, mo ní ẹ̀yin ìyá yìí, n kò tíì kú o. Ó ní Mààmá, ẹ má bínú, nítorí ìdun ni. Ó ní bí ìdun bá jẹun tán, á yàgbẹ́ dúdú tó-tó-tó bí ẹni fi bírò tọ́ ọ, kò sì síbi tó lè fi í pamọ́ sí lórí funfun. Ó gbé fóòmù sókè, ó fi ojú rírán rẹ̀ hàn mí, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí oríkèé igi bẹ́ẹ̀dì, ó ní ibẹ̀ ni kí ènìyàn wò kó tó jókòó. Ó ní kí n má gbé báàgì mi sílẹ̀ tàbí sórí bẹ́ẹ̀dì, orí tábìlì ni, torí inú báàgì ni ìdun ti ń wọ mọ́tò láti ìlú dé ìlú.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn dùn mọ́ mi. Mo ní háà, báàgì Èkó! Títílọlá ló kó o wá, òun náà ló kó o lọ. Mo ní màá fi hàn yín pé ilé mi mọ́.

Bí mo ti délé lọ́jọ́ kejì, mo mú nínú aṣọ funfun tí n kò tíì rẹ sínú aró, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ. Ilẹ̀ mọ́, mo rí àmì dúdú méjì mẹ́ta. Mo ní aró ọwọ́ mi ni. O mọ ọwọ́ mi, láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, kò funfun mọ́. Mo fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ títí ó fi ń ta mí, mo tẹ́ aṣọ mìíràn. Ilẹ̀ mọ́, àmì tún wà. Lálẹ́ kẹta mo so ọ̀rá mọ́ ọwọ́ méjèèjì sùn. Nígbà tí mo jí kírun àsùbáà, mo tan àtùpà, mo rí òun gan-an, ó sanra, ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́ lórí aṣọ funfun mi bí onílé.

Jùbrílù, mo jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí bẹ́ẹ̀dì yẹn ti dé, aṣọ aláró tó dúdú jù ni mo ń tẹ́ sí i, mo sì ń fọ́nnu fún gbogbo ayé pé òórùn aró ń lé kòkòrò. Aró kò lé nǹkan kan. Ó kàn ń bá ìdun bo àṣírí ni. Mo rántí bí Bùsírátù ṣe ń sunkún ní Iléyá èṣí, tí mo ní kí ìyá rẹ̀ má kẹ́ ẹ jù.

Mo da omi gbígbóná sí bẹ́ẹ̀dì náà, mo da kẹrosíìnì sí i, wọn kò gbọ́. Mo ní kí káfíńtà àdúgbò wá tú u. Lẹ́yìn pákó ìgbèrí ni mo ti rí ohun tí n kò mọ̀ rí. Bàbá rẹ fi pẹ́ńsù káfíńtà kọ orúkọ ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síbẹ̀ ní lẹ́tà Lárúbáwá, àti ọjọ́ tí mo bí kálukú. Ààfáà ló kà á fún mi. Ìwọ lo ṣe ẹ̀kẹta. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tìrẹ pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni, ó rọ̀.

Mo fi omi gbígbóná bọ pákó yẹn, mo sá a sóòrùn títí, mo ní kí wọ́n kàn án mọ́ ògiri. Ìyókù, mo fi dáná. Eérú rẹ̀ ni mo sẹ́ sínú ìkòkò aró, igi àgbà ni, aró náà sì múná. Mo ti rẹ aṣọ kan nínú rẹ̀ fún Bùsírátù, láti wọ̀ ni o, kì í ṣe láti sùn lé.

Orí ẹní ni mo ń sùn báyìí, nítorí náà fi owó fóòmù ránṣẹ́, èyí tó ní ọ̀rá lára, àti díẹ̀ lé e fún àgbò Iléyá. Má sọ fún Títílọlá pé mo ní kì í ṣe ooru. Sọ fún un pé ooru ti lọ.

Aṣọ funfun tó wà nínú páálí tí mo fi rán dírẹ́bà sí ọ, òun ni mo sùn lé fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo kun yàrá tán. Ẹ tẹ́ ẹ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí Títílọlá fúnra rẹ̀ wò ó. Bí ó bá rí àmì ìdun kan ṣoṣo, Beatrice ti ní òun á fi yàrá sílẹ̀ fún yín, n kò ní bínú. Bí kò bá rí i, ilé ni kẹ́ ẹ máa bọ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ yín lọ, yóò ṣọ́ yín bọ̀. Ibi tí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀ kò ní jẹ yín lára. Ẹ ó rí ọmọ yín fẹ̀yìn tì, a kò ní fi ojú sunkún ara wa.

Èmi ni ìyá rẹ,
Asiata Aláró.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Àmì búlúù kan wà ní igun aṣọ náà. Ìyẹn kì í ṣe ìdun. Àtàǹpàkò mi ni.