Àwọn Tó Dúró Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilẹ̀kùn Bọ́ọ̀sì Mi

                                        Yàrá Òkè, Ilé Aláwọ̀ Ewé,
                                        Ẹ̀yìn Gáréèjì Bọ́ọ̀sì.
                                        Ọjọ́ Àìkú, òpin oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀gá Fèrè, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni nǹkan? Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti gbọ́ ìtọ́jú? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn? Ìwọ fúnra rẹ, ṣé gáréèjì tuntun tí wọ́n gbé ọ lọ ti mọ́ ọ lára, àbí àwọn ará ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú dí etí nítorí fèrè rẹ? Àwa náà wà dáadáa, a dúpẹ́. Àwọn ìbejì ti ga jù mí lọ báyìí, wọn ò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Àwọn ará gáréèjì ní kí n kí ọ. Wọ́n ní látìgbà tí o ti lọ, àwọn ẹyẹ ti padà sórí igi tó wà lẹ́nu géètì.

O mọ̀ mí ní ọ̀fíntótó. Bí èèyàn méjì bá bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń wo inú kòtò, èmi ni màá ṣe ẹni kẹta. Ohun tó gbà mí lọ́kàn láti oṣù tó kọjá ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ìlú yìí. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì tó bá kẹ́yìn oṣù, wọ́n á kóra jọ síwájú ibùdókọ̀ ojú irin, ọmọdé àti àgbà, àwọn mìíràn gbé ọmọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Wọ́n á gba gbogbo àárín títì, wọ́n á máa rìn bí ìgbín, wọ́n á máa lu agogo. Wọ́n ní ìwọ́de làwọn ń ṣe, pé ọkọ̀ ń gbá àwọn, pé títì kì í ṣe ti ọlọ́kọ̀ nìkan. Mo máa ń bi ara mi pé kí ni wọ́n máa ń ṣe bí òjò bá dé. Òjò dé lóṣù tó kọjá, agogo náà ni wọ́n ń lù.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn wọn ni bọ́ọ̀sì mi há sí. Mi ò ní tàn ọ́, inú bí mi. Gbogbo dírẹ́bà tó wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ìwọ lo padà dé. Alága ẹgbẹ́ àwa dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tirẹ̀, ó lọ bá obìnrin tó ṣáájú àwọn oníkẹ̀kẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò ọ̀rọ̀ lé e lórí. Obìnrin náà kàn ṣí akoto kúrò lórí. Àṣé dókítà eyín ni, òun gan-an ló yọ eyín Alága lọ́dún tó kọjá. Ẹnu Alága pa dé fúnra rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ni mo ti rí ẹ̀yìn kan láàárín wọn. Èèyàn kì í ṣi ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Màmá Ìbejì ni, lórí kẹ̀kẹ́ pupa tó ń gùn lọ sí ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ń lu agogo bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á fún.

O ò tíì gbọ́ pé ọkọ̀ oníyanrìn kan fara gbá a ṣáájú ìwọ́de náà, ní kọ̀rọ̀ báńkì, bó ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ìgúnpá ló fi ṣèṣe, orí ló yọ ọ́. Mo ní kó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ó ní ta ni á máa gbé òun lọ ní ìdájí, nígbà tí bọ́ọ̀sì kankan ò tíì jáde, kí búrẹ́dì tó wọ ààrò. Nígbà tí mo wá délé lọ́jọ́ ìwọ́de yẹn, mo sọ fún un pé kì í ṣe gbogbo dírẹ́bà ló burú. Mo ní bí gbogbo wa bá ń wakọ̀ bíi tèmi, àwọn oníkẹ̀kẹ́ lè tẹ́ ẹní sójú títì kí wọ́n sùn. Ìwọ náà mọ̀ pé wọn ò sọ mí ní Jẹ́jẹ́ lásán, ọkọ̀ mi ò fara kan adìẹ rí. Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Bàbá Ìbejì, dírẹ́bà ọjọ́ yẹn bẹ̀ mí. Ó ní òun ò rí mi. Mo sì gbà á gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Obìnrin tó ga, lórí kẹ̀kẹ́ pupa, lọ́sàn-án gangan, báwo ni ẹni tó lójú méjì ò ṣe ní rí i? Mo ń rò ó nídìí ọkọ̀, mo ń rò ó nídìí oúnjẹ. Ó jọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Mi ò mọ bí Alága àti dókítà eyín ṣe parí ọ̀rọ̀ wọn. Mo fura pé orí àga tó ti ń tọ́jú eyín ni wọ́n ti sọ ọ́, níbi tí Alága ò ti lè jiyàn. Wọ́n fẹnu kò pé kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ wá sí gáréèjì lọ́jọ́ Àìkú kan, kí oníkálukú jókòó síbi tí ẹnì kejì ń jókòó. Wọ́n ní kí àwa dírẹ́bà yan ẹni tó lójú jù. Gbogbo gáréèjì ní Jẹ́jẹ́ ni. Mo gòkè sídìí bọ́ọ̀sì mi tayọ̀tayọ̀, mo tún dígí ṣe bí mo ti máa ń ṣe láràárọ̀. Dókítà eyín dúró lẹ́yìn mi, ó ní kí n dijú, kí àwọn èèyàn òun fi ráyè tò yí ọkọ̀ ká.

Nígbà tó ní kí n lajú, mo wo iwájú, mo wo dígí, mo na ọrùn bí ẹyẹ lékeléke. Àwọn tó wà lápá ọ̀dọ̀ mi, mo ka gbogbo wọn pé. Lápá ilẹ̀kùn, mo ní kò sí ẹnikẹ́ni, àfi ológbò onígéètì tó sùn lọ́ọ̀ọ́kán. Mo tún fọ́nnu sí i pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Dókítà eyín ní kí n sọ̀ kalẹ̀.

Mo yí iwájú ọkọ̀ kọjá. Wọ́n tò síbẹ̀, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ọ̀dọ̀ táyà iwájú, kẹ̀kẹ́ wọn wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ṣáájú, tó gbé ọwọ́ lé ara bọ́ọ̀sì mi, ni Màmá Ìbejì.

Mo padà gòkè, mo wò, ara ọkọ̀ bò ó, dígí ò dé ibẹ̀, mi ò rí i. Mo sọ̀ kalẹ̀, ó wà níbẹ̀. Mo tún gòkè, mo tún sọ̀, títí Alága fi ń bi mí bóyá orí mi pé. Ẹ̀rù bà mí, ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo ọdún tí mo ti ń yà sápá ilẹ̀kùn, èèyàn mélòó ló ti dúró síbẹ̀ tó jẹ́ pé Ọlọ́run ló yọ wọ́n? Èmi sì ń gba oríyìn kiri. Màmá Ìbejì ò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Ó wá kan àwa náà láti gun kẹ̀kẹ́. Mo gun ti ìyàwó mi, Alága sì fi bọ́ọ̀sì kọjá lára mi bó ṣe máa ń kọjá lára wọn lójú títì. Ó búra pé òun fi àyè gidi sílẹ̀. Àyè gidi kẹ̀? Afẹ́fẹ́ ọkọ̀ yẹn gbá mi sínú koríko, agogo kẹ̀kẹ́ sì ń dún lábẹ́ mi. Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi tó rẹ́rìn-ín. Dókítà eyín náà jókòó sídìí bọ́ọ̀sì, ó wò títí, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wá ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kọjá síwájú ọkọ̀, tí òun sì rò pé àwọn dírẹ́bà mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe bí ẹni tí kò rí òun ni.

Má rò pé ìjà ti parí o. Níjẹta, lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n tún wọ́de, ẹ̀yìn wọn náà ni mo tún há sí. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè. Ọkùnrin kan nínú èrò mi dìde, ó ní kí n kàn máa sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, pé fúnra wọn ni wọ́n á tú ká. Ó ní ta ni mò ń bẹ̀rù gan-an?

Mo ní, "Ìyàwó mi wà láàárín wọn, mi ò sì rí i."

Ó jókòó. A rọra tẹ̀lé wọn títí a fi dé oríta.

Ọ̀gá Fèrè, jọ̀wọ́, kó o tó gbé ọkọ̀ jáde lọ́la, ní kí ẹnì kan tó o fẹ́ràn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, lọ́dọ̀ táyà iwájú. Kọ ohun tó o bá rí sí mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bọ́ọ̀sì tèmi nìkan ni.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi kí àwọn ọmọ, kó o sì bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Alága kí ọ, eyín rẹ̀ ti san. Màmá Ìbejì náà kí ọ. Nígbà tó délé níjẹta, mo bi í bóyá ó rí mi lẹ́yìn wọn. Ó ní òun ò wẹ̀yìn rárá. Ó ní òun gbọ́ ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn òun tí kò fọn fèrè, òun sì ń bá ọ̀nà òun lọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ti ń wo dígí lẹ́ẹ̀mejì,

Jẹ́jẹ́.