Ẹ̀rọ Tó Dákẹ́ Jù

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi ń sọ fún yín pé ìṣó tí ẹ máa ń fi fìlà kọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ti jábọ́. Gbogbo mọ̀lẹ́bí ti gbà á bí àmúwá Ọlọ́run.

Ìròyìn kejì kéré sí i. Mo ti ta ẹ̀rọ ìlọta yín.

Ẹ má tíì bínú. Ẹ rántí ọdún tí ẹ lò kẹ́yìn láyé, tí ariwo ẹ̀rọ yẹn ti gba etí yín tán, tó jẹ́ pé inú ìwé ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ sí kí ẹ tó gbọ́ mi. Bóyá ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí ò fi ṣòro. Nígbà tí àwọn méjì tí a jọ lọ sí pólì ṣí ilé-iṣẹ́ sí Ọ̀kà, tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ ìlọta tó ń lo sólà, tí kì í rú èéfín, tí kì í pariwo, etí yín ni mo rò. Mo kó owó ẹ̀rọ yín fún wọn. Wọ́n gbé ọ̀kan fún mi, wọ́n sì sọ mí di olùdókòwò, ìyẹn ẹni tí owó rẹ̀ ti lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Bàámi, ẹ̀rọ náà dára. Ó ń lọ ata kúnná ju tiyín lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo jókòó tì í, ó ń ṣiṣẹ́. Ìyá Ràmá, oníbàárà yín àtijọ́, gbé abọ́ ata kọjá.

“Ọmọ Bàbá Ẹlẹ́rọ, o ò tíì ṣí ni?”

“A ti ṣí, mà. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.”

Ó tẹ́tí. “Kí ló ń ṣiṣẹ́? Máa ṣeré ẹ, jàre.”

Ó sọdá títì lọ bá Múfú, ẹni tó ra ẹ̀rọ yín.

Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ẹ máa ń tan ẹ̀rọ yẹn, ẹ ó jẹ́ kó máa ké lásán. Èmi máa ń ro epo tó ń ṣòfò. Ẹ ó ní kí n jẹ́ kó pè wọ́n. Mo rò pé àwàdà ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú ilé ìdáná ni àwọn obìnrin àdúgbò ti ń fi etí wá yín? Kí ló dé tí ẹ ò ṣàlàyé fún mi? Ní báyìí, tó bá ké lọ́dọ̀ Múfú láàárọ̀, mo ṣì máa ń dìde pé ẹ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Lóṣooṣù ni wọ́n ń pe àwa olùdókòwò sípàdé ní Ọ̀kà. Wọ́n á tan ẹ̀rọ, a ó pàtẹ́wọ́. Pàtẹ́wọ́ wa nìkan ni ariwo tó ń jáde níbẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ̀wé sí wọn láti Ìkàrẹ́ níbí pé bí wọn ò bá wá nǹkan ṣe sí ohùn ẹ̀rọ náà, màá ti ṣọ́ọ̀bù yín pa. Èsì wọn ni mò ń retí.

Mo ti kan ìṣó mìíràn. Fìlà yín ti padà síbẹ̀.

Èmi ọmọ yín, tí etí mi ṣì wà lọ́dọ̀ yín.

Bí mo ṣe fẹ́ pa ìwé yìí dé ni èsì wọn wọ fóònù mi. Mo dà á kọ fún yín:

ÌKÉDE FÚN GBOGBO OLÙDÓKÒWÒ. A ń lo àsìkò yìí láti fi tó yín létí pé ẹ̀sùn kan dé láti Ìkàrẹ́ nípa ohùn ẹ̀rọ wa. A tọrọ àforíjì. Ohùn díẹ̀ tó kù nínú rẹ̀, a ti yọ ọ́ kúrò.