Olú Tó Kù Nínú Apẹ̀rẹ̀

Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹnu kan ọbẹ̀ olú orí tábìlì.

Èmi ni mo já olú tí wọ́n sè sínú ìkòkò àjọjẹ abúlé láàárọ̀ yìí. Ìwé tí mo yá kà ló gbà mí lọ́kàn, mi ò yí abẹ́ wọn wò bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ìyàwó bíríkìlà tiẹ̀ ń yìn mí: “Ọmọ oníwèé, olú rẹ mà pọ̀ o!” Ìgbà tí wọ́n gbé ìkòkò lọ tán ni mo rí ọ̀kan tó kù nínú apẹ̀rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ pupa bíi ti olú olóró. Òun ló wà nínú àwo tí mo fi lé ìwé yìí. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè dá a mọ̀.

Ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í jẹun títí a ó fi ka ìtàn abúlé wa tán, èmi ni mo sì máa kà á. Màá rọra kà á bí ìgbín. Bí olú náà bá dára, ẹ wá rẹ́rìn-ín sí mi lẹ́nu ọ̀nà ibi àjọjẹ. Ẹ bú mi tó bá yá, ṣùgbọ́n ẹ sáré.

Ojú ewé méjì péré ni ìtàn náà. Bí mo bá kà á dé ibi ẹni tó gbẹ́ kànga wa, tí mi ò tíì rí yín, màá da ìkòkò náà nù lójú gbogbo wọn.