Àlàájà Tó Ń Ka Ẹja

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kí Bọ̀dá Àkànní àti ìyàwó wọn, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara mi le ní Lásùnwọ̀n, n'Ìkòròdú níbí. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, igi tí mo fi ń yan ẹja ò tètè gbẹ, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí láti kékeré. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fajú ro, èmi náà á ní èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Ìwà yẹn bá mi dé Èkó. Àlàájà kan wà lọ́jà ẹja Ẹ̀pẹ́, ẹja wọn dára, kò sì wọ́n. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọn ò dáhùn. Wọ́n kàn ṣu ẹnu jọ, wọ́n wò mí bí ẹni ń wo onígbèsè. Mo gbé agbọ̀n mi, mo sá.

Odindi ọdún kan ni mo fi ń ra ẹja lọ́wọ́ alágbàtà tó ń fowó lé e. Ẹ̀rù ojú èèyàn kan ṣoṣo, ó wọ́n ju ẹja lọ.

Lóṣù tó kọjá, alágbàtà ò wá. Mo bá tún lọ kí Àlàájà. Ojú yẹn náà ni. Mo fẹ́ yí padà, àmọ́ mo rántí owó ọkọ̀ tí mo san láti Ìkòròdú, mo bá dúró. Bí wọ́n ṣe ju ẹja tó kẹ́yìn sínú agbọ̀n oníbàárà tó ṣáájú mi báyìí, ojú wọn tú ká.

“Ìyàwó mi, má bínú,” ni wọ́n wí. “Ẹja ni mò ń kà. Tí mo bá dá ẹ lóhùn, màá tún un kà látìbẹ̀rẹ̀. Àbí ìwọ kọ́ lo sáré lọ lọ́jọ́sí bí ẹni jí nǹkan?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Gbogbo èrò ọjà ló mọ̀ pé wọn kì í kí ẹni tó ń ka ẹja, àfi èmi ará òkè. Ní báyìí, Àlàájà máa ń fi èènì sí i fún mi.

Ìyá mi, nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, tí mo gbé aṣọ fún yín, ẹ fajú ro, ẹ ò sọ nǹkan kan. Mo rò pé aṣọ náà ò tẹ́ yín lọ́rùn. Òun ni mi ò fi wálé láti ọdún méjì, tí mò ń purọ́ pé iṣẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń kà lọ́jọ́ náà?

Mò ń bọ̀ nílé lọ́dún Kérésì, tèmi ti ẹja. Bí mo bá bá yín tí ojú yín le, mi ò ní sá. Màá jókòó tì yín títí ẹ ó fi kà á tán.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín àti ẹni tó fajú ro.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ja.