Ìlẹ̀kẹ̀ tí Màámi sín àti òṣùwọ̀n ẹja

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọ̀nà tí ẹ ti ń wò látọjọ́ tí mo ti ṣèlérí lẹ́tà yìí. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Uwani, ní Enugu níbí, nínú ọyẹ́ tó ti la ètè mi. Mo kí Bọ̀dá mi àti ìyàwó wọn. Mo kí Ṣadé tí yóò kà á sí yín létí. Kó má fo ibì kankan o, ibi tó ń rùn pàápàá, kó kà á.

Mo ti ní kí wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, kí àwọn ìyá bíi tèmi lè rí i kà. Tọ́lá ni mo pe ọmọ mi obìnrin náà níbí. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ èyí tí mò ń wí.

Ẹja tútù náà ni mo ṣì ń tà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo dé ṣọ́ọ̀bù ṣáájú àsìkò mi, mo bá Tọ́lá lórí òṣùwọ̀n ńlá tí mo fi ń wọn páálí ẹja. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, olùkọ́ tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń pè ní Àǹtí, ó dúró lẹ́sẹ̀ lásán lórí omi ẹja tí n kò tíì nù! Èyí ò tó o. Ó di ọ̀rá kan mú, ó ń tutọ́ sí i. Itọ́, Màámi! Ọ̀rá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ìdajì. Mo bi í léèrè, ó ní kí n fi òun sílẹ̀, pé itọ́ náà wúwo, pé bí òun bá tu ú jáde, kílò òun á wálẹ̀ díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, bí ẹni tó ń kọ́ mi ní ìṣirò. Mo ti ń fa ìfun ẹja láti ogún ọdún, èébì ò gbé mi rí. Ọjọ́ yẹn ló gbé mi.

Ibi tó ti kó o ni ilé eré ìdárayá kan ní àdúgbò New Haven níbí, jíìmù ni wọ́n ń pè é. Gbogbo Sátidé ni ọ̀gá wọn níbẹ̀ ń wọn àwọn ọmọ ènìyàn bí ẹni wọn ẹran, á wá kọ kílò wọn sára pátákó kí gbogbo ayé kà á. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá wálẹ̀, Tírélà lorúkọ rẹ̀ títí di Sátidé míì, wọn á tún máa fi ẹnu fọn fèrè tírélà sí i. Oṣù mẹ́rin gbáko ni Tọ́lá fi ń sáré, tó ń gbé irin, kílò kan péré ló wálẹ̀. Mo lọ bá ọkùnrin náà. Mo ní ṣé kò lè fi tépù wọn ìbàdí àti apá wọn ni, bí télọ̀ ti ń ṣe. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní Mama, òṣùwọ̀n kì í parọ́. Èmi tí mò ń ta ẹja ló ń sọ fún o!

Ọkùnrin yìí kan náà ló ta tíì kan fún un. Òórùn rẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi ṣan àgbá. Kò jẹ́ kí ọmọ náà kúrò nílé ìgbọ̀nsẹ̀, débi pé bàbá rẹ̀ ń lọ yá ti aládùúgbò lò. Kílò mẹ́ta wálẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ní jíìmù, ó jó wọlé. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó ṣubú lulẹ̀ níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni wọ́n fi gbé e wá bá mi, ètè rẹ̀ funfun. Nọ́ọ̀sì ní omi ara rẹ̀ ló gbẹ.

Yìnyín ni, Màámi. Oníbàárà tó bá gbọ́n kì í jẹ́ kí n wọn ẹja tòun ti yìnyín, á ní kí n kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n. Bí mo bá sì gbé ẹja sínú bésìn di ọ̀sán, omi á dà, kílò á wálẹ̀. Ṣé ẹja náà rù ni? Ẹja kan náà ni, ó kàn ti fẹ́ máa rùn ni.

Ibi tí mo ti ń wẹ̀ fún un ni mo ti rí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí ẹ sín fún un nígbà tí a wá sílé ṣe Kérésì èṣí. Ẹ rántí pé mo bá yín jà. Mo ní ọmọ ìjọ ni wá, mo ní ta ló tún ń lo ìlẹ̀kẹ̀ ìdí lóde òní. Ẹ ní òun ni yóò máa sọ fún un bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe. Nígbà yẹn ó fún un pinpin, tí ẹ fi tú u, tí ẹ tún fi kún un. Báyìí, gbogbo ọwọ́ mi ló gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ ó ti ká a pọ̀, ó ti so ó ní kókó níbi mẹ́ta. Mo ní ìgbà wo ló so wọ́n. Ó ní ó ti pẹ́, tíì ò tíì dé rárá, pé òwú Màmá Àgbà ló ti gbó, ó ń nà.

Òwú yín! Òwú tí ẹ fi ń rán ẹnu àpò kòkó, tí ẹ fi ìda pa! Oṣù mẹ́rin ni ara ọmọ yìí fi ń sọ òótọ́ fún un, ó pe òwú lónírọ́, ó gba irin òṣùwọ̀n ẹja gbọ́.

Mo da tíì náà sí gọ́tà. Ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ ò gbọ́ Yorùbá; ní Enugu níbí, òun nìkan ni mo ń bá sọ ọ́ nínú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Nígbà tó dákẹ́, ẹja ni mo ń bá sọ ọ́.

Lánàá ló wá jókòó sórí páálí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó bi mí, ní Yorùbá tirẹ̀ tó ń tàsé yẹn, bóyá òótọ́ ni pé òwú Màmá kì í nà. Mo ní èmi kọ́ ló sín in, kí a bi ẹni tó sín in. Ó bọ́ ọ fún mi.

Òun ló wà nínú ọ̀rá tí dírẹ́bà gbé wá yìí, pẹ̀lú okùn kékeré tí mo fi yí ìbàdí rẹ̀ ká láàárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un sín, kó ṣe déédéé okùn náà. Èyí tí ẹ bá yọ kúrò, ẹ má fún àwọn ọmọ fi ṣeré. Ẹ dì í lọ́tọ̀, kí ẹ fi í ránṣẹ́ padà, kó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ohun tó ti kúrò lára rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n kí Ṣadé kọ́kọ́ bá yín pè é lórí fóònù, kí ẹ fi ẹnu yín sọ ti òwú náà fún un. Sátidé ku ọjọ́ mẹ́ta, kò tíì sọ pé òun ò ní lọ.

Ẹja gbígbẹ wà nínú ẹrù náà fún yín. Ìyẹn ò ní yìnyín.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa, ojú yín ò ní ṣú, ọwọ́ tí ẹ fi ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ò ní gbọ̀n. Ẹ sì foríjì mí, Màámi, lórí ìjà ọjọ́ yẹn.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìyá Tọ́lá, Uwani.